Kí ẹ tó buwọ́ lu ìwé ìdádúró: ìbéèrè yín lórí iṣẹ́ tó bọ́ àti owó gbà-má-bínú

Láti ọdún 2023 tí GSK, ilé iṣẹ́ apòògùn, ti kéde pé òun ń kógbá wọlé ní Nàìjíríà, tí Procter & Gamble náà sì sọ pé òun kò ní ṣe ọjà níbí mọ́, pé òun yóò máa kó o wọlé láti òkè òkun ni, ẹ̀rù ìdádúró ti wọ ilé iṣẹ́ ńlá àti kékeré. Lẹ́tà yín fi hàn bẹ́ẹ̀. A ti yọ orúkọ gbogbo ẹni tó kọ̀wé, a sì ké àwọn lẹ́tà kan kúrú. Bí ẹ ti ń ka àwọn ìdáhùn yìí, ẹ fi í sọ́kàn pé ohun tó wà nínú ìwé tí wọ́n fi dá yín dúró ló máa sọ iye tí ẹ máa gbà. Ohun tí ọ̀gá fẹnu sọ kò tó.

Wọ́n ní kí n kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ fúnra mi

*Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Ọdún méje ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ọ̀tà. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, HR pe àwa méjìlá wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ọjà ò tà. Wọ́n ti tẹ lẹ́tà sílẹ̀ lórúkọ mi pé èmi ni mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní bí mo bá buwọ́ lù ú lójú ẹsẹ̀, owó á wọlé lọ́jọ́ Ajé. Bí n kò bá buwọ́ lù ú, àwọn ò mọ ìgbà tí owó á jáde. Mi ò tíì buwọ́ lù ú. Kí ni kí n ṣe? (Òǹkàwé, Ọ̀tà)*

Ẹ ṣe é dáadáa tí ẹ ò buwọ́ lù ú, ẹ má sì buwọ́ lù ú lọ́jọ́ Ajé náà. Ìwé yẹn kì í ṣe ìwé ìdádúró. Ẹni tó bá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ló wu láti lọ, kò sì sí ẹni tó jẹ ẹ́ ní owó gbà-má-bínú. Kódà, òun gan-an ló yẹ kó fún ilé iṣẹ́ ní nótíìsì, wọ́n sì lè yọ owó nótíìsì yẹn lára ìwọ̀nba tó kù tí ó fẹ́ gbà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín wà nínú òfin. Abala 20 nínú Labour Act, òfin òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa, pè é ní redundancy: kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ èèyàn láìṣe ìfẹ́ inú rẹ̀, kó sì bọ́ pátápátá, nítorí pé òṣìṣẹ́ pọ̀ ju ohun tí ilé iṣẹ́ nílò lọ. Bọ́rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú wọn ìdí tí wọ́n fi fẹ́ dín èèyàn kù àti iye èèyàn tó kàn. Láàárín àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ẹni tó dé kẹ́yìn ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ, àfi bí ìmọ̀, agbára tàbí ìṣeéfọkàntán ẹnì kan bá ta ti ẹnì kejì yọ. Ọdún méje lẹ ti lò. Bí ẹni tó dé lọ́dún tó kọjá bá ṣì wà nídìí irú ẹ̀rọ tí ẹ̀yin náà ń lò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí ìbéèrè ńlá nìyẹn. Ẹ̀kẹta, ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ sa gbogbo ipá rẹ̀ láti bá àwọn tó kàn dúnàá-dúrà lórí owó tí wọ́n máa gbà.

Òfin náà ò dárúkọ iye kankan. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ló kọ̀wé sí wa pé ìjọba ní kí wọ́n san owó oṣù kan fún ọdún kan. Ìjọba ò sọ bẹ́ẹ̀. Iye tó tọ́ sí yín wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín, tàbí ìwé òfin ilé iṣẹ́, tàbí àdéhùn tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá àwọn ọ̀gá ṣe. Ẹ wá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ owó. Bí kò bá sí ohunkóhun nínú wọn, ìdúnàá-dúrà ló kù, ẹ̀yin méjìlá sì gbọ́dọ̀ jọ ṣe é pọ̀ ni. Ìdí tí HR fi ń pè yín wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Kí àwọn òǹkàwé tó jẹ́ máníjà, akáǹtáǹtì tàbí ẹnjinníà má sì rò pé Labour Act ń bá àwọn náà wí. Òṣìṣẹ́ ọwọ́ àti akọ̀wé ló wà fún. Ìwé àdéhùn tí máníjà buwọ́ lù lọ́jọ́ tó wọṣẹ́ ni òfin tirẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ẹ lọ síbi iṣẹ́ ní àkókò tí ẹ máa ń lọ. Bí ẹ bá fi ìbínú jókòó sílé, wọ́n lè kọ lẹ́tà pé ẹ pa iṣẹ́ tì, ẹ̀sùn yẹn sì lè ba gbogbo owó jẹ́. Bí ẹ̀ṣọ́ bá dá yín dúró lẹ́nu géètì, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀, ẹ wo aago, ẹ fi ímeèlì tàbí WhatsApp ránṣẹ́ sí HR láti ẹnu géètì yẹn gan-an pé ẹ wá, wọn ò jẹ́ kí ẹ wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ fún wọn ní lẹ́tà kúkúrú kan. Èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó máa wà níbẹ̀ nìyí:

«Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ fún mi ní ìwé pé mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. N kò fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ dá mi dúró nítorí pé òṣìṣẹ́ ti pọ̀ jù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìwé tó sọ bẹ́ẹ̀, tó sọ ọjọ́ tí iṣẹ́ mi máa parí, tó sì fi bí ẹ ṣe ṣírò owó mi hàn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mo tọrọ ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún láti kà á kí n tó buwọ́ lù ú.»

Kò sí èébú níbẹ̀, kò sí ìhàlẹ̀, kò sì sí ẹ̀bẹ̀. Ẹ ṣe é ní méjì, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu tiyín tàbí kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i.

Bí wọ́n bá wá fún yín ní ìwé ìdádúró gidi, ẹ lè buwọ́ lù ú pé ẹ rí i gbà. Ẹ kọ «mo rí i gbà», ọjọ́ àti aago, sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ yín. Ìyẹn ò pa yín lára. Èyí tó ń pani lára ni gbólóhùn tó máa ń fara pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé kejì, pé ẹ ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ yín, ẹ ò sì ní béèrè ohunkóhun mọ́. Ilé ẹjọ́ Nàìjíríà ti sọ ọ́ léraléra pé ẹni tó bá fi tinútinú gba owó ìdádúró kò lè padà wá sọ pé bí wọ́n ṣe dá òun dúró kò bófin mu. Ẹ gba ìṣirò kí ẹ tó gba owó.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò ọ̀hún. Ká ní owó oṣù yín jẹ́ ₦180,000: basic (owó oṣù gan-an láìka àlàwọ́ǹsì) ₦90,000, owó ilé ₦36,000, owó ọkọ̀ ₦27,000, àwọn àlàwọ́ǹsì tó kù ₦27,000. Ká sì ní ìwé òfin ilé iṣẹ́ sọ pé basic oṣù kan ni fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Ọdún 7 jẹ́ ₦630,000. Ó kan nótíìsì. Abala 11 sọ pé ọjọ́ kan ni fún ẹni tí kò tíì ju oṣù 3 lọ lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tó ti ju oṣù 3 lọ tí kò tíì pé ọdún 2. Ọ̀sẹ̀ 2 fún ẹni tó ti pé ọdún 2 tí kò tíì pé 5. Oṣù kan fún ẹni tó ti pé ọdún 5 sókè. Tiyín jẹ́ oṣù kan, bí àdéhùn yín ò bá fún yín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọn ò bá fẹ́ kí ẹ lo oṣù náà, kí wọ́n san owó rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ní kí wọ́n má ka ofatáìmù àti àlàwọ́ǹsì mọ́ ọn: ₦90,000. Ìsinmi ọdún tí ẹ ò tíì lò, ká ní ọjọ́ 10: ẹ pín ₦180,000 sí ọjọ́ iṣẹ́ 22, ẹ sọ ọ́ di ọ̀nà mẹ́wàá, ó máa tó ₦81,818. Ọjọ́ 11 tí ẹ ti fi ṣiṣẹ́ lóṣù yìí jẹ́ ₦90,000. Gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ ₦891,818.

Ibi tí owó máa ń sá lọ kò pọ̀, ibi mẹ́ta náà ni ṣáá. Wọ́n á ka ọdún yín láti ọjọ́ tí wọ́n fi ìdí iṣẹ́ yín múlẹ̀ dípò ọjọ́ tí ẹ wọṣẹ́. Wọ́n á fi basic ọdún tó kọjá ṣírò, bẹ́ẹ̀ owó oṣù ti gbé sókè láàárín. Wọ́n á gbàgbé ìsinmi. Ẹ fi ìwé ìgbanisíṣẹ́ àti ìwé owó oṣù tó kẹ́yìn wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ yín, kí wọ́n pe ìpàdé. Bí ìyẹn ò bá yanjú rẹ̀, National Industrial Court nìkan ni àtúnṣe òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 2010 fún láṣẹ láti kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́. Ó ní ẹ̀ka ní Èkó, Ìbàdàn àti Àkúrẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rọ̀ kí ẹ tó lọ.

Gbèsè wà lọ́rùn mi

*Mo jẹ báǹkì ní ₦400,000, mo sì jẹ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ilé iṣẹ́ wa ní ₦150,000. HR ní àwọn máa yọ gbogbo rẹ̀ lára owó ìdádúró mi, àti owó láptọ́ọ̀pù kan tó bàjẹ́ lọ́wọ́ mi. Ṣé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí i? (Òǹkàwé, Ìkẹjà)*

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò rí bákan náà. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀: owó tí ẹ ti ń dá síbẹ̀ ńkọ́? Bí ẹ bá ti dá ₦210,000, kò sí gbèsè. Àwọn ló jẹ yín ní ₦60,000. Ẹ gba àkọsílẹ̀ owó yín lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ kí HR tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ti báǹkì: ẹ lọ wo fọ́ọ̀mù tí ẹ buwọ́ lù nígbà tí ẹ yá owó náà. Bí ilé iṣẹ́ bá ti kọ̀wé sí báǹkì pé bí òṣìṣẹ́ yìí bá ń lọ, àwọn á san owó rẹ̀ gba àkáǹtì rẹ̀ tó wà ní báǹkì náà, HR ń ṣe ojúṣe wọn ni. Bí kò bá sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, gbèsè báǹkì kò kàn wọ́n. Síbẹ̀, ẹ má sá fún báǹkì. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2020, Báǹkì Àgbà ti gbé ètò tí wọ́n ń pè ní Global Standing Instruction kalẹ̀: bí ẹni tó yáwó kò bá san án, báǹkì lè fa owó náà yọ nínú àkáǹtì rẹ̀ tó wà ní báǹkì mìíràn, níwọ̀n ìgbà tí BVN rẹ̀ bá ti so wọ́n pọ̀. Owó gbà-má-bínú tí ẹ fẹ́ fi san owó ilé lè pòórá lóru ọjọ́ kan. Kí oṣù àkọ́kọ́ tí ẹ ò ní lè san tó dé, ẹ mú ìwé ìdádúró lọ bá wọn, kí ẹ ní kí wọ́n dín iye oṣooṣù kù kí wọ́n sì fa àkókò gùn. Ẹ tún bi wọ́n bóyá wọ́n fi adójútòfò tó kan iṣẹ́ tó bọ́ mọ́ gbèsè náà. Àwọn báǹkì kan máa ń yọ owó rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó yáwó láìjẹ́ pé ó mọ̀.

Ti láptọ́ọ̀pù: bí ẹ bá wà lábẹ́ Labour Act, abala 5 kò gbà kí wọ́n yọ owó ohun tó bàjẹ́ lára owó iṣẹ́ yín láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ti kọ̀wé fọwọ́ sí i, tí ó sì hàn pé àfojúfò tàbí àmọ̀ọ́mọ̀ṣe yín ló fà á.

Ṣé kí n gba ìdá kan nínú mẹ́rin?

*Ọmọ ọdún 41 ni mí. Ó ti pé oṣù méjì tí iṣẹ́ ti bọ́. Wọ́n ní mo lè gbà nínú owó ìfẹ̀yìntì mi. Ṣé òótọ́ ni? (Òǹkàwé, Ìbàdàn)*

Òótọ́ ni. Òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 gbà kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 50, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì rí òmíràn lẹ́yìn oṣù 4, gba ohun tí kò ju 25% owó tó wà nínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Bí ẹ bá ní ₦2,400,000, kò lè kọjá ₦600,000. Oṣù méjì ló kù fún yín, ẹ fi múra ìwé sílẹ̀: ìwé ìdádúró, NIN, BVN, ìwé owó oṣù tó kẹ́yìn, nọ́ńbà PEN yín, ìyẹn nọ́ńbà àkáǹtì ìfẹ̀yìntì yín. Ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó náà ni ẹ máa kọ́kọ́ lọ bá, àwọn ni yóò gba àṣẹ lọ́dọ̀ PenCom, àjọ ìjọba tó ń rí sí owó ìfẹ̀yìntì.

Orúkọ ló sábà máa ń dá a dúró. Bí orúkọ inú NIN bá jẹ́ ti ọkọ, tí ti àkáǹtì ìfẹ̀yìntì jẹ́ ti bàbá, tí ti báǹkì sì ní lẹ́tà kan tó yàtọ̀, ìwé á padà. Ẹ tún un ṣe nísinsìnyí. Ẹ sì béèrè àkọsílẹ̀ owó yín láti ọdún tí ẹ wọṣẹ́, kí ẹ kà á ní oṣù kọ̀ọ̀kan. 18% àpapọ̀ basic, owó ilé àti owó ọkọ̀ ló kéré jù tó yẹ kó máa wọlé: 10% láti ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́, 8% láti ọ̀dọ̀ yín. Fún ẹni tó ń gba ₦153,000 lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó jẹ́ ₦27,540 lóṣooṣù. Ọjọ́ iṣẹ́ 7 lẹ́yìn owó oṣù ni òfin fún agbanisíṣẹ́ láti fi ránṣẹ́, èyí tó bá sì pẹ́, ìtanràn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní 2% lóṣù. Bí ẹ bá rí oṣù tó ṣófo, ẹ kọ̀wé sí agbanisíṣẹ́ àtijọ́ náà, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí PenCom. Owó yín tí wọ́n ti yọ lọ́wọ́ yín ni.

Ṣé kí ẹ gbà á? Bí owó ilé tàbí owó ilé ìwé ọmọ bá wà nílẹ̀ tí kò sí ọ̀nà mìíràn, ẹ gbà á. Bí ó bá jẹ́ nítorí òwò tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi lọ̀ yín ni, ẹ fi í sílẹ̀ kó máa gbèrú. Bí ẹ bá sì rí iṣẹ́ kí oṣù 4 tó pé, àkáǹtì kan náà ni. Nọ́ńbà PEN yẹn lẹ máa fún agbanisíṣẹ́ tuntun.

Owó orí ńkọ́?

*Ṣé wọ́n á yọ owó orí lára owó gbà-má-bínú? (Òǹkàwé, Abẹ́òkúta)*

Òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026 yọ owó gbà-má-bínú fún iṣẹ́ tó bọ́ sílẹ̀ títí dé ₦50,000,000. ₦10,000,000 ni tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n owó oṣù tí wọ́n jẹ yín àti owó ìsinmi, owó iṣẹ́ ni wọ́n, owó orí kàn wọ́n. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbà kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan láìya ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Kí ẹ tó lọ, ẹ gba ẹ̀rí pé wọ́n san owó orí tí wọ́n ti ń yọ lọ́wọ́ yín, torí ọdún 3 sẹ́yìn ni wọ́n máa ń wò bí ẹ bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí owó orí lọ́jọ́ iwájú.

Inú ń bí mi, mo fẹ́ gbé e sórí Facebook

*Ẹ kú làákàyè. Ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan ní Yaba ni mo wà. Ìpàdé là ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà tí láptọ́ọ̀pù mi fi kú. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà ni ìwé ìdádúró dé sórí ímeèlì mi. Ọdún mẹ́rin! Mo ti kọ gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa wọn, ó kù kí n fi síta. (Òǹkàwé obìnrin, Èkó)*

Arábìnrin wa, ẹ kú ìrójú. Kò sí ẹni tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún tí inú ò ní bí. Ẹ tọ́jú ohun tí ẹ kọ, ẹ má fi síta. Owó yín kò tíì wọlé, ìwé àdéhùn yín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè ṣàìní ibi tó ní kí ẹ pa àṣírí ilé iṣẹ́ mọ́. Ohun tí ẹ bá gbé jáde lálẹ́ yìí ni agbẹjọ́rò wọn máa tọ́ka sí lọ́la láti fi dá owó dúró. Ẹni tó máa gbà yín síṣẹ́ tókàn náà yóò wá orúkọ yín kàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Èyí tó yẹ kí ẹ fi agbára ìbínú náà ṣe wà. Láti ímeèlì tara yín, ẹ kọ̀wé sí HR lóòní. Ẹ béèrè ìwé òfin ilé iṣẹ́, ìwé owó oṣù ọdún kan sẹ́yìn àti àkọsílẹ̀ ìsinmi yín, torí pé ẹ ò lè wọ kọ̀ǹpútà wọn mọ́. Ẹ béèrè ọjọ́ tí HMO yín, ètò ìlera tí ilé iṣẹ́ ń san owó rẹ̀, máa parí. Bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ lo ọ̀sẹ̀ méjì náà: ẹ ṣe àyẹ̀wò tí ẹ ti ń sún síwájú, ẹ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó bá wà. Lẹ́yìn náà ẹ wọ Ìlera Èkó, ètò ìlera ìpínlẹ̀, kí àlàfo má bàa wà. Ẹ fún wọn ní láptọ́ọ̀pù wọn pẹ̀lú ìwé tó sọ pé ẹ dá a padà, pẹ̀lú nọ́ńbà ara rẹ̀ àti bí ó ṣe rí. Bí àwòrán ọmọ yín bá wà níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kó o fún yín kí wọ́n tó pa á rẹ́. Orúkọ àwọn oníbàárà àti iṣẹ́ tí ẹ ṣe fún wọn, ẹ má gbé e lọ, ì báà ṣe ẹ̀yin lẹ kọ gbogbo rẹ̀.

Ẹ sì kọ ìwé ìfiṣẹ́lélẹ̀ ojú ewé kan: ohun tó wà lọ́wọ́ yín, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dé, ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀. A mọ̀ pé wọn ò béèrè rẹ̀, wọn ò sì yẹ fún un. Ọ̀gá yín àná, tí ó ṣeé ṣe kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀, ni ìwé yẹn máa bá lọ́wọ́, òun náà lẹ máa fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹ bá ń wá iṣẹ́ mìíràn. Ọjọ́ tí ẹ bá fún un ní ìwé náà ni kí ẹ tọrọ lẹ́tà ẹ̀rí iṣẹ́.

Láti London

*Ọmọ ọdún 38 ni mí, ọdún mẹ́fà ni mo ti lò ní ilé iṣẹ́ kan ní London. Wọ́n ti sọ ipò mi di redundant, wọ́n fún mi ní settlement agreement. Skilled Worker ni físà mi. (Òǹkàwé, Peckham)*

Òfin ti ọ̀dọ̀ yín dárúkọ iye, èyí tí tiwa ò ṣe. Ẹni tó bá ti pé ọdún 2 lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́: fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí ẹ lò láti ọmọ ọdún 22 títí dé 40, owó ọ̀sẹ̀ kan. Tiyín jẹ́ ọ̀sẹ̀ 6, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ní òdiwọ̀n fún owó ọ̀sẹ̀ kan, tí wọ́n máa ń yí padà ní oṣù kẹrin lọ́dọọdún. Nótíìsì yín náà jẹ́ ọ̀sẹ̀ 6, lọ́tọ̀. £30,000 àkọ́kọ́ nínú owó redundancy kò ní owó orí. Settlement agreement, ìwé tí ẹ fi ń gbà pé ẹ ò ní pe ilé iṣẹ́ lẹ́jọ́ mọ́, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ àfi bí agbẹjọ́rò tàbí olùdámọ̀ràn tí kì í ṣe tiwọn bá bá yín kà á, ilé iṣẹ́ ló sì sábà máa ń san nínú owó rẹ̀. Ẹ lò ó.

Físà ló jẹ́ kánjúkánjú, torí ilé iṣẹ́ tó gbà yín ló gbé e. Ọjọ́ iṣẹ́ 10 ni wọ́n ní láti sọ fún Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí físà, pé ẹ ti lọ, lẹ́yìn náà ni Home Office sábà máa ń kọ̀wé pé ọjọ́ 60 ló kù. Nítorí náà, ọjọ́ tí iṣẹ́ parí nínú ìwé yín ṣe pàtàkì bí owó. Kí ẹ tó bá wọn jiyàn lórí £500, ẹ béèrè kí wọ́n jẹ́ kí ẹ lo nótíìsì yín lẹ́nu iṣẹ́ dípò kí wọ́n san án lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀sẹ̀ 6 tí ẹ ṣì jẹ́ òṣìṣẹ́ wọn jẹ́ ọ̀sẹ̀ 6 tí ẹ fi ń wá ẹni tó máa gbé físà yín.

Ọkọ mi ṣì ń múra jáde láràárọ̀

*Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Wọ́n ti dá ọkọ mi dúró láti oṣù tó kọjá. Kò sọ fún àwọn ọmọ, kò sọ fún ìyá rẹ̀. Ó ń wọ aṣọ iṣẹ́ jáde láràárọ̀, n kò mọ ibi tó ń lọ. Wọ́n san ₦2,100,000 fún un, ó ní òun fẹ́ fi ra ọkọ̀ tí wọ́n á máa fi ṣe Bolt. (Òǹkàwé, Ìkòròdú)*

Ìyàwó ilé, ẹ pẹ̀lẹ́. Ìtìjú ló ń gbé e jáde láràárọ̀. Ẹ má bá a jà nítorí rẹ̀, ẹ má sì fi ojú ọmọ mú un. Ẹ ní kí ẹ̀yin méjèèjì jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan pẹ̀lú bíírò àti ìwé, ìṣirò nìkan lẹ máa sọ. Ẹ kọ ohun tí ilé ò lè ṣàìná lóṣù: oúnjẹ, gáàsì, iná, owó ọkọ̀, oògùn. Ká ní ₦210,000. Ẹ kọ́kọ́ yọ àwọn owó ńlá tó ń bọ̀ lọ́dún, ká ní owó ilé ₦400,000 àti owó ilé ìwé ₦240,000, kúrò lára ₦2,100,000. Ó ku ₦1,460,000. Ẹ pín in sí ₦210,000: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù 7. Ohun tí ẹ ní nìyẹn, oṣù 7, kì í ṣe mílíọ̀nù méjì. Ẹ fi owó oṣù 3 sí àkáǹtì kan tí kò ní káàdì, kí ẹ máa yọ ₦210,000 lóṣooṣù bí ẹni pé owó oṣù ló wọlé.

Ọkọ̀ náà: owó rẹ̀ nìkan kọ́ ni. Táyà, bíréèkì, epo ẹ́ńjìnì, ìwé ọkọ̀, ìjókòó ọjọ́ tí ó bá bàjẹ́, kò sí owó tó kù láti gbé e. Bí iṣẹ́ ọkọ̀ bá wù ú, kí ó kọ́kọ́ wa ti ẹlòmíràn fún oṣù méjì, kó mọ iye tó ń wọlé gan-an. Ẹ sì ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní owó á di ìlọ́po méjì: ó yẹ kí CBEX, ètò ìdókòwò orí íntánẹ́ẹ̀tì tó dojú dé ní oṣù kẹrin ọdún 2025 ti kọ́ gbogbo wa.

Ẹ rọra bi í bóyá òun fẹ́ kí ẹ̀yin sọ fún ìyá rẹ̀. Ó rọrùn fún àwọn ọkùnrin kan bí ẹlòmíràn bá gbẹnu sọ ọ́. Láràárọ̀ tó bá ń jáde, ẹ bá a wá ibi gidi tó lè lọ: ilé ìkàwé, ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ rẹ̀, ibi tí ó ti lè kọ ìwé ìwáṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i pé kò sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí kò jẹun, tàbí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó sàn kí òun kú, ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí yóò fúnra rẹ̀ gbà. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yaba, tàbí Àrọ̀ ní Abẹ́òkúta, lọ́jọ́ kan náà.

Kí ni kí n sọ bí wọ́n bá bi mí?

*Bí mo bá lọ fún íntáfíù, kí ni kí n sọ nípa ìdí tí mo fi kúrò? (Òǹkàwé, Òṣogbo)*

Òótọ́, gbólóhùn méjì: «Ilé iṣẹ́ ti ẹ̀ka wa pa ní oṣù kẹta, èèyàn mẹ́rìnlá ló kàn. Ìwé ìdádúró mi nìyí, lẹ́tà ẹ̀rí iṣẹ́ ọ̀gá mi nìyí.» Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tí ẹ wá wá. Ẹ má ṣàlàyé kí wọ́n tó béèrè, ẹ má sì sọ ọ̀rọ̀ burúkú nípa ilé iṣẹ́ àná. Kí ohun tí ẹ bá sọ bá ohun tó wà nínú ìwé ìdádúró mu, torí wọ́n lè pe HR àtijọ́. Ẹ ti pe ọ̀gá tí ẹ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, kí ẹ sọ irú iṣẹ́ tí ẹ ń wá fún un àti ohun méjì tí ẹ fẹ́ kó rántí nípa iṣẹ́ yín.